Ìgbóná Ayé àti Iṣẹ́ Ìṣọ́ tí Ọlọ́run Fi Lé Wa Lọ́wọ́



Ohun àkọ́kọ́ tí a ń jẹ́wọ́ nínú Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ni pé Ọlọ́run Baba ni Ẹlẹ́dàá. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ èyí kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí Ọlọ́run dá. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí kejì, kọ́ wa pé nígbà tí Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà, iṣẹ́ méjì ni ó yàn fún un: kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. A mọ iṣẹ́ ríro dáadáa. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé lórí.

1. Kí ni ìgbóná ayé?

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹni tí ó bá fi aṣọ bora lóru kì í gbọ̀n. Aṣọ náà kò dá iná. Ooru ara ẹni náà ni kò jẹ́ kí ó sá lọ. Ọlọ́run fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bo ayé, èyí ni afẹ́fẹ́. Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ ń dá ooru padà sí òkè, àwọn gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́ a sì dá díẹ̀ dúró nínú ooru náà. Láìsí wọn, òtútù ìbá pa ohun gbogbo. Aṣọ yìí dára. Ohun tí ó burú ni pé ọmọ ènìyàn ń mú un nípọn jù.

Gáàsì kàbọ́níìkì ni olórí ohun tí ń mú un nípọn. Ó ń jáde nígbà tí a bá sun epo, gáàsì, èédú tí a wà nínú ilẹ̀, tàbí igi. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, gáàsì yìí kò ju nǹkan bíi 280 lọ nínú rẹ̀. Lónìí, ó ti kọjá 420. Ọdún 2024 gbóná ju gbogbo ọdún tí a ti wọ̀n ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó fi nǹkan bíi ìwọ̀n 1.5 ju ti àtijọ́ lọ.

2. Kí ni ó ń ṣe sí wa?

Ìwọ̀n kan àti ààbọ̀ lè dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ara ènìyàn bá fi bẹ́ẹ̀ gbóná sí i, àìsàn ti dé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fa omi púpọ̀: nígbà ọ̀dá, ilẹ̀ a gbẹ kíákíá; nígbà òjò, omi a rọ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òkun náà ń ga, nítorí pé omi tí ó gbóná a máa fẹ̀, yìnyín ilẹ̀ òtútù sì ń yọ́ sínú rẹ̀.

Ní ọdún 2010, omíyalé dé 55 nínú àwọn kọ́múnù 77 ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. A kò lè sọ pé ìgbóná ayé nìkan ni ó fa ìkún omi kan, ṣùgbọ́n ó ń fún irú òjò bẹ́ẹ̀ ní agbára. Ní Aného ní Tógò, òkun ti gba ilẹ̀ àti ilé. Kíkọ́ èbúté wà lára ohun tí ó fà á; òkun tí ń ga sì ń fi kún un.

3. Ta ni ó jẹ̀bi?

Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń tú nǹkan bíi 4 péré nínú 100 gáàsì kàbọ́níìkì tí ń jáde láti inú epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ ní ayé. Àwọn àgbà ní, ẹni tí kò jẹ gbì kì í kú gbì. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹni tí ó jẹ díẹ̀ ni ó ń jìyà jù. Èyí kì í ṣe òdodo. Ìdí nìyí tí Pópù Fransisi, nínú ìwé rẹ̀ Laudato Si' ti ọdún 2015, fi so ìyà ayé pọ̀ mọ́ ìyà tálákà. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Paris láti dín ìgbóná yìí kù. Ó tọ́ kí a máa rán àwọn alágbára létí àdéhùn wọn.

Ṣé kí àwa wá káwọ́ lẹ́rán? Rárá. Olúwa wa kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ṣe olóòótọ́ nínú ohun kékeré ni a lè fi ohun ńlá lé lọ́wọ́. Lọ́nà kejì, igi tí a bá dá sí ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwa ni yóò kọ́kọ́ ṣíji bò. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

4. Kí ni olúkúlùkù lè ṣe?

Ní ìdáná: Nígbà tí a bá sun igi di èédú lábẹ́ erùpẹ̀, púpọ̀ nínú agbára igi náà ni ó ń ṣòfò. A kò dá ẹni tí ń ta èédú láti fi bọ́ ọmọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí ó dá igi tí ń so èso sí, pàápàá igi òrí àti igi irú, kí ó sì jẹ́ kí kùkùté rúwé padà. Ẹni tí ń dáná, kí ó lo igi gbígbẹ, kí ó dé ìkòkò, kí ó rẹ ẹ̀wà sómi lóru kí ó tó sè é. Ààrò amọ̀ tí a mọ yí ìkòkò ká ń jẹ igi díẹ̀ ju ààrò olókùúta mẹ́ta lọ. Èéfín rẹ̀ sì dín kù fún ìyá àti ọmọ.

Ní oko: Ẹ má ṣe tiná bọ igbó nítorí eku àti òkété. Ẹ fi pòròpórò sílẹ̀ kí ó jẹrà sínú ilẹ̀. Ó di oúnjẹ ilẹ̀.

Ní ti igi gbígbìn: Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Gbígbìn rọrùn, bíbomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti dídáàbò bò ó lọ́wọ́ ewúrẹ́ ni iṣẹ́ gidi.

Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Kí ni ó ń mú ayé gbóná jù?
Ìdáhùn: Gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́, pàápàá láti inú epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀, àti igbó tí a ń pa run.

Ìbéèrè: Ẹ̀ṣẹ̀ ha ni láti gé igi bí?
Ìdáhùn: Rárá. Ọlọ́run fi igi fún wa láti lò. Gígé láìgbìn àti sísun láìnídìí ni ó lòdì sí iṣẹ́ ìṣọ́, nítorí pé ó ń gba ohun tí ó tọ́ sí àwọn ọmọ wa.

Ìbéèrè: Báwo ni èyí ṣe kan ìrìbọmi wa?
Ìdáhùn: Omi ni a ó fi rì wá bọmi, òróró láti ara igi ni a ó fi yàn wá. Ẹni tí ó gba oore-ọ̀fẹ́ nípasẹ̀ ohun tí Ọlọ́run dá kò gbọdọ̀ bà á jẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: Ẹ yan ohun kan ṣoṣo nínú àwọn tí a kà sílẹ̀, kí ẹ ṣe é nínú ilé yín, kí ẹ sì wá sọ fún olùkọ́ yín bí ó ti rí.

Àdúrà: Baba, Ìwọ ni Ó ni ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Kọ́ wa láti ṣọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ olóòótọ́, nípasẹ̀ Krístì Olúwa wa. Àmín.