Ọ́ìlì Tó Ki Jù Kì Í Tún Ẹ́ńjìnnì Ṣe

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a fi owó àyálò ra ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Bí ọkọ̀ bá ń rú èéfín ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé: "Ooru Ìbàdàn pọ̀, ẹ lo ọ́ìlì tó ki." Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ wo ara agolo. Nínú 5W-30, 5W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà òtútù. 30 ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. 20W-50 ki jù ú lọ nígbà méjèèjì. Bí a bá ṣíná láàárọ̀, ọ́ìlì tó ki jù a máa pẹ́ kí ó tó dé òkè ẹ́ńjìnnì. Irin á sì máa jẹ irin. A tún máa jẹ epo bẹntiróòlù sí i. Lóòótọ́, ó lè dín èéfín kù, ṣùgbọ́n ó kàn bo àrùn mọ́lẹ̀ ni.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kí a tẹ̀ lé. Bí ó bá fàyè gba 20W-50 fún ilẹ̀ olóoru, kò burú. Bí kò bá gbà á, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún ibi tó jẹ ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbèsè ẹgbẹ́ kì í bá a kú.