Abẹ́rẹ́ Ṣáínà àti Ìfun Ẹni tí A Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún

Ní oṣù Keje ọdún 1971, James Reston, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, wà ní ìlú Peking ní ilẹ̀ Ṣáínà nígbà tí àìsàn apẹ́ńdísì kọlù ú. Àwọn dókítà ibẹ̀ la ikùn rẹ̀, wọ́n sì gé e kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, ó sì ń ni ín lára. Oníṣègùn kan fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta gún un ní ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún àti ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Kí wákàtí kan tó pé, ara tù ú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́ ìtàn náà rò pé abẹ́rẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí ó mọ ìrora nígbà iṣẹ́ abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò ni a fi kú ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ìfun ni láti máa sún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí ó lè ti oúnjẹ síwájú. Bí ọwọ́ dókítà bá kàn án, tí oògùn ìrora sì wọ ara, a dákẹ́. Ìfun kékeré sábà máa ń jí láàárín ọjọ́ kan. Ìfun ńlá lè tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àmì pé ó ti ń jí ni kí aláìsàn só. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ní ọdún 2022, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Ṣáínà, lórí aláìsàn 248 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún. Àwọn tí a fi abẹ́rẹ́ oníná mànàmáná díẹ̀ gún yàgbẹ́ ní nǹkan bí wákàtí 76. Àwọn tí a kàn fi abẹ́rẹ́ ṣe bí ẹni gún, ní wákàtí 90. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2010 kò rí èrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, olùrànlọ́wọ́ ni abẹ́rẹ́ yìí, kò lè gba ipò dókítà. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó gún un, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ titun tí kò ní kòkòrò àrùn.

Kí àwọn ẹbí má ṣe yọ́ oúnjẹ fún aláìsàn kí dókítà tó yọ̀ǹda. Bí dókítà bá sì gbà á láàyè, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá ń wú sí i, tí ó ń bì, tí kò sì só, kí wọ́n ké sí dókítà lójú ẹsẹ̀, nítorí ìfun lè ti dí. Ẹni tí ó bá tètè sọ ni a ń tètè gbà là.