Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Àwo Amọ̀ Tí Wọ́n Fọwọ́ Mọ, Ẹ Má Pè É Ní Àwo Wíwọ́

 

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún àwa tí à ń ta àwo tòkúnbọ̀ ní Yaba, Súrùlérè àti Múṣin, àti àwọn tó ń ta ìkòkò amọ̀ náà. Nígbà mìíràn, bí a bá tú ẹrù, a máa ń rí àwo kékeré kan láàárín tánńganran. Ó nípọn, kò ní etí tí a lè fi dì í mú, ẹnu ẹ̀ ò gún, ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n ṣì hàn lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa á ní, "Èyí ti wọ́," a ó sì jù ú sáàárín ẹrù ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rà á lówó kékeré, á lọ tà á lówó gọbọi. Bí onígbá bá pe igbá ẹ̀ ní pàǹkàrà, wọ́n á bá a fi kólẹ̀.

KÍ NI ÀWO YÌÍ?

Ó lè jẹ́ àwo tíì àwọn ará Japan. Chawan ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń lọ ewé tíì kúnná bí ẹ̀lúbọ́, wọ́n á bu ún sínú àwo, wọ́n á da omi gbígbóná lé e, wọ́n á wá fi ohun kan tó dà bí ìjábẹ̀ ewédù wa, tí wọ́n fi ọparun ṣe, pò ó títí á fi hó. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e mu.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Raku ti lé ní 400 ọdún. Chojiro ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Kyoto fún Sen no Rikyu, àgbà olùkọ́ tíì tó kú ní 1591. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n láìlo ẹ̀rọ, bí àwọn ìyá wa ní agboolé Dada n'Ílọrin ṣe ń fọwọ́ mọ ìkòkò.

OBÌNRIN TÓ WÀ LẸ́YÌN OGÚN NÁÍRÀ

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìyí. Ẹ wo ẹ̀yìn ₦20. Láti 2007 ni Ladi Kwali ti wà níbẹ̀, obìnrin Gwari tó ń mọ ìkòkò. Àǹtí ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ní 1954 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, ará England, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí. Bernard Leach ló kọ́ Cardew níṣẹ́, Japan sì ni Leach ti kọ́ tiẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n Japan ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́!

Ìkòkò omi ni Ladi ń mọ nílé. Nígbà tó dé Abuja, wọ́n fi ìkunra dídán kùn ún, wọ́n fi iná líle sun ún. Ìkòkò náà ò làágùn mọ́, kò sì lè mú omi tutù bí àmù mọ́. Ó di ohun ọ̀ṣọ́, wọ́n sì pàtẹ irú ẹ̀ ní London ní 1958. Iṣẹ́ tí ìkòkò ń ṣe yí padà, owó ẹ̀ náà yí padà. Ohun tó yẹ ká mọ̀ nìyẹn: ṣé ti lílò ni, àbí ti ọ̀ṣọ́?

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE KẸ́ Ẹ TÓ DÁ OWÓ LÉ E

1. Ẹ yí ìdí ẹ̀ sókè. Ibẹ̀ lẹ ti sábà máa ń rí amọ̀ tí wọn ò kùn, àti òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

2. Ẹ fi èékánná lù ú díẹ̀díẹ̀. Èyí tí iná líle sun á dún gbingbin. Bí ohùn ẹ̀ bá kú, ẹ wò ó bóyá ó sán. Àmọ́ ohùn Raku kì í ròkè, bó tilẹ̀ wà lódidi.

3. Ẹ bu omi sí i, ẹ gbé e lé ìwé ìròyìn di àárọ̀. Bí ìwé bá tutù, àwo náà ń jò nìyẹn. Kì í ṣe ti ọbẹ̀.

4. Bó bá wà nínú àpótí pákó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Japan sí, ẹ má fi àpótí náà dáná o! Orúkọ ẹni tó mọ àwo lè wà lára ẹ̀. Ẹ tà wọ́n pọ̀.

5. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà wúrà níbi tó ti fọ́ rí, ẹ má há a. Oje igi ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi ẹ̀bu wúrà sí i. Àwọn ìyá wa náà máa ń di igbá tó bá fọ́.

6. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án. Kò gba kànrìnkàn onírin, kò gba Hypo. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́.

7. Òjé wà nínú ìkunra àwọn àwo àtijọ́ mìíràn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ tà á fún ọ̀ṣọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún oníbàárà pé kó má fi jẹun.

Gbogbo àwo Japan kọ́ ló lówó lórí. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ṣe púpọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹ má pe tuntun ní ti àtijọ́, ẹ má sì fi ojúlówó tọrẹ. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ oníbàárà tó bá ra èké lọ́wọ́ wa lónìí, ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò yà lọ́la.

Ọjà á tà o, èrè á wọlé. Àmín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́