Àkọsílẹ̀ Onímọ̀-Ẹ̀rọ

Àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé ẹni tí ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ti bọ́ lọ́wọ́ àròkọ. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Bí ènìyàn bá mọ ẹ̀rọ tún ṣe, tí kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ sórí ìwé, ìmọ̀ rẹ̀ kò ní kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

Ẹ wo ìlú Festac tí ó wà ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin. Nígbà tí a kọ́ ọ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣe ní 1977, nọ́ńbà ni a fi sọ òpópónà rẹ̀ lórúkọ, a sì fi lẹ́tà sọ àwọn ẹ̀ka wọn. Ẹni tí a bá júwe A Close ní 21 Road fún kò nílò kí a tún fi igi máńgòrò ṣe àmì fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí àkọsílẹ̀ onímọ̀-ẹ̀rọ hàn kedere.

Ní 1973 ni àjọ Industrial Training Fund bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, èyí tí ó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé kan. Bí àsìkò náà bá sì parí, yóò kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọ̀kan lè kọ ọ́ pé: ‘Mo tún jẹnẹrétọ̀ ṣe dáadáa.’ Òmíràn lè kọ ọ́ pé: ‘Jẹnẹrétọ̀ kò dáhùn. Mo wọn bátìrì rẹ̀, mo bá fóòtì 9 dípò 12. Mo pààrọ̀ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì dáhùn.’ Ti ìṣáájú yin ẹni tí ó kọ ọ́. Ti ìkejì kọ́ ẹni tí ó kà á lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó mòye kì í fi òfin gírámà nìkan kọ́ wọn. Yóò ní kí ẹnìkan kọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ kan, kí ẹlòmíràn sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́, láìbéèrè ohunkóhun. Ibi tí ọwọ́ ẹnìkejì bá ti dúró, ibẹ̀ ni àlàyé ti kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ sí òfuurufú, ṣègbé nítorí pé àwọn kan fi ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò tí àwọn yòókù kà sí ìwọ̀n mẹ́tíríìkì. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ni kò bára mu. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró de yunifásítì. Ẹ kọ bí a ti ń rìn láti First Gate dé ilé-ìwé yín, kí ẹ sì fún ẹni tí kò mọ Festac. Bí ó bá dé láìṣìnà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.