Ẹ Má Sún Mọ́ Erinmi: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Dá Lọ sí Kẹ́ńyà

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 tí ìjọba Kẹ́ńyà ti fagi lé físà, ó ti rọrùn fún ọ̀dọ́ tó bá ní owó ọkọ̀ òfuurufú àti yẹ́lò káàdì láti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí ó dá kọrí sí Nairobi. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ilẹ̀ tó dára ni, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì mọ àlejò í ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ẹranko ibẹ̀ ń pa ènìyàn, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí jù ni ẹni tó dá lọ, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ilẹ̀ náà.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Kó tó di ọjọ́ kejì, yóò ti gbọ́ pé ọgbà ẹranko wà ní Nairobi fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1946. Yóò wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Yóò rí àgùnfọn tó ń já ewé jẹ, àwọn ilé gogoro ìlú yóò sì máa hàn lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kìnnìún wà níbẹ̀, àgbáǹréré wà níbẹ̀. Yóò ya fọ́tò láti ojú fèrèsé, yóò padà sí ìlú, àyà rẹ̀ yóò sì ti kì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹranko ti wò lójú tí kò ṣe é ní nǹkan kan a máa gbàgbé pé ọkọ̀ tí òun jókòó sí ló gba òun sílẹ̀.

Àwa Yorùbá tún ní ìṣòro tiwa lọ́tọ̀. Oríkì erin wà lẹ́nu wa, ti ẹfọ̀n wà lẹ́nu wa, a sì ń fi wọ́n ki ènìyàn níbi ìnáwó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fojú kan erin nínú igbó rí? Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ipasẹ̀ wọn ni ènìyàn sábà máa ń rí. Ọdẹ ayé àtijọ́ tó ń sun ìjálá ẹfọ̀n mọ igi tí òun yóò gùn bí ẹfọ̀n bá yíjú sí òun. Ìjálá ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. A ò mọ igi mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi lè dúró níwájú ẹranko tí bàbá ńlá rẹ̀ ìbá sá fún, kí ó máa rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Ẹni tó bá sì bẹ̀rù, kìnnìún nìkan ló ń bẹ̀rù. Ó ń wá eléyín mímú kiri, ó wá kọ ẹ̀yìn sí ẹran tó ń jẹ koríko.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí erinmi díẹ̀, nítorí òun ni àlejò máa ń fojú di jù. Adágún Naivasha kò ju nǹkan bí 90 kìlómítà lọ sí Nairobi, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ. Erinmi pọ̀ nínú adágún náà. Lọ́sàn-án, inú omi ni wọ́n máa ń wà kí oòrùn má baà jó wọn láwọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a gòkè wá jẹko. Erinmi tó dàgbà lè wọn 1,500 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ bó bá gbéra, ó lè sáré tó 30 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Èmi àti ẹ̀yin kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà kan náà ló máa ń tọ̀ lọ tó sì máa ń tọ̀ bọ̀, bó bá sì bá ènìyàn láàárín òun àti omi, kò ní béèrè ohun tó wá ṣe. Bí ẹ bá rí i tó yanu gbàgà, ẹ má rò pé oorun ló ń kùn ún. Eyín ló ń fi hàn yín, pé kí ẹ padà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, arìnrìn-àjò kan tó wá láti Taiwan ń ya erinmi ní fọ́tò ní etí adágún yìí. Erinmi náà pa á, ẹnì kejì rẹ̀ sì fara pa. Ọjọ́ yẹn náà ni erinmi pa apẹja kan ní apá ibòmíràn ní etí omi kan náà. Apẹja o, ẹni tó mọ omi yẹn bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Bí ó bá lè ba apẹja, kí ni ti ẹni tó dé lánàá? Láti bí ọdún 2020 sì ni adágún náà ti kún kọjá ibi tó máa ń dé tẹ́lẹ̀, tó bo ilé àti oko, tí erinmi sì túbọ̀ sún mọ́ ibi tí ènìyàn ń gbé.

Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń pàgọ́ sùn ní etí omi náà, wọ́n máa ń ta wáyà tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀ kí erinmi má baà rìn wọ àárín àgọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọlọ́dẹ ni yóò sin àlejò láti ibi oúnjẹ dé ibi tó ń sùn sí. Wọn kì í ṣe èyí láti fi pọ́n àlejò lé. Ẹni tó bá sọ fún ọlọ́dẹ náà pé òun mọ ọ̀nà, pé kó má ṣèyọnu, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tọrẹ.

Ewu ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tún ní ti aago nínú. Kẹ́ńyà fi wákàtí méjì ṣáájú wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, tí ara rẹ̀ ṣì ń sọ fún un pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù níbi tó wà, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ìlà agbedeméjì ayé gba inú ilẹ̀ náà kọjá, òkùnkùn kì í pẹ́ ṣú níbẹ̀. Àkókò yẹn ni ìmọ́lẹ̀ máa ń dára jù fún fọ́tò. Àkókò yẹn náà ni erinmi ń jáde.

Nítòsí Naivasha ni ọgbà Hell's Gate wà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1984. Ó yàtọ̀ sí púpọ̀ nínú àwọn ọgbà yòókù, nítorí wọ́n gba ènìyàn láyè láti fẹsẹ̀ rìn tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti àgùnfọn. Ẹni tó dá rìn fẹ́ràn irú ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹfọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí a sì ń bẹ̀rù jù ni àgbà akọ tó ti kúrò láàárín agbo, tó dá dúró sí ìdí igbó. Kẹ̀kẹ́ kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ náà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀: paramọ́lẹ̀ kì í sábà sá fún ẹni tó ń bọ̀, ojú kan ló máa ń dùbúlẹ̀ sí títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbun tó wà nínú ọgbà yìí tún ní ewu tirẹ̀ tí kò ní ìwo tí kò ní eyín. Òjò lè rọ̀ ní òkè ọ̀hún, kí oòrùn máa ràn lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí àgbàrá ṣàdédé ya dé bá a láàárín àpáta méjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ènìyàn méje bá a lọ, ọ̀dọ́ ìjọ kan ni wọ́n jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, méje mìíràn tún bá a lọ, amọ̀nà wà lára wọn. Tí wọ́n bá ní ọ̀gbun náà ti di títì lónìí, ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀yìn wọ̀ ọ́.

Ní ti ẹranko, fọ́tò ló ń ti púpọ̀ nínú àwọn àlejò sínú ewu. Ní oṣù keje ọdún 2024, ní ọgbà Pilanesberg ní Gúúsù Áfíríkà, ará Sípéènì kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti lọ ya agbo erin tí ọmọ wọn wà pẹ̀lú wọn. Àwọn tó bá a wá wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀ nígbà tí erin pa á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, nítòsí Johannesburg, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ṣí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà kìnnìún, kìnnìún sì gba ojú fèrèsé náà mú un. Àwọn méjèèjì yìí ní ẹni tó bá wọn wá. Ta ni yóò pariwo fún ẹni tó dá lọ?

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń di ẹrù lọ́wọ́ ronú sí ìbéèrè yẹn dáadáa. Ọdẹ tó bá dá wọ igbó a máa sọ apá ibi tí òun dorí kọ fún ará ilé. Arìnrìn-àjò òde òní ní síìmù tuntun tí ẹnikẹ́ni nílé kò ní nọ́ńbà rẹ̀, ó dé hòtẹ́ẹ̀lì lánàá, akọ̀wé ibẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá padà ní alẹ́, wọ́n á rò pé ó ti kọjá sí Mombasa. Kí ẹnikẹ́ni nílé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé kò gbé fóònù, ọjọ́ mẹ́ta lè ti kọjá.

Ajá àti ọ̀bọ náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ má fún ọ̀bọ ní bísíkíìtì, ẹ má fọwọ́ pa ajá àjèjì lórí. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tó fi èékánná ha á lára, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an láti gba abẹ́rẹ́ digbólugi. Kò gbọdọ̀ sọ pé ó di ìgbà tí òun bá padà sí Nàìjíríà. Bí àmì digbólugi bá ti yọ lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn tó yè é láyé yìí kò tó nǹkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kúrò nílé láìkọ orúkọ ibi tí yóò sùn lálaalẹ́ sílẹ̀ àti wákàtí tí yóò máa pè yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ẹ gba amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má wo owó rẹ̀ bí ìfiṣòfò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká amọ̀nà, kí ó máa wo ẹranko láti inú ọkọ̀, kí gíláàsì sì wà ní títì. Kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù, ẹ ti kúrò ní etí omi. Bí amọ̀nà bá sì ní kí ẹ padà, ẹ padà, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì rí nǹkan kan yà.