Oúnjẹ Kíkúnná tí ó sì Dùn fún Ẹni tí a ń Tọ́jú nítorí Jẹjẹrẹ

Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí a fẹ́ gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà sọ ní gbangba. Èyí ni oúnjẹ ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú nítorí àrùn jẹjẹrẹ, pàápàá ẹni tí àrùn náà wà ní ẹnu tàbí ní ọ̀fun rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fà á tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi lè jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú rẹ̀ ni ìtànṣán tí a ń fi ẹ̀rọ rán sí ibi tí àrùn náà wà, irú èyí tí a ń ṣe ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019 nínú ọgbà Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà. A sábà máa ń gbà á ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, inú ẹnu a bó, a di egbò. Itọ́ a gbẹ. Oúnjẹ a sì máa korò, tàbí kí ó dàbí irin lẹ́nu. Oògùn líle tí a ń fà sínú iṣan pẹ̀lú a máa mú èébì gbé ènìyàn.

Bí ara aláìsàn bá rù jù, kò ní lè fara da ìtọ́jú náà mọ́, ó sì lè di dandan kí a dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni dídá ìtànṣán dúró láàárín ọ̀nà a máa dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Àwọn kan a sì máa wí pé kí a fi ebi pa aláìsàn kí àrùn lè kú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni náà ni ebi ń pa. Nítorí náà, adùn ọbẹ̀ aláìsàn kì í ṣe àṣejù: apá kan ìtọ́jú rẹ̀ ni.

1. Bí ó ti yẹ kí oúnjẹ náà rí. Kí ó kúnná, láìsí kókó, èèpo tàbí egungun nínú rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí ṣíbí, kí ẹ sì dà á sí ẹ̀gbẹ́: kí ó jábọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó má ṣàn bí omi, kí ó má sì lẹ̀ bí àtè. Iyán tí ó ń fà kò yẹ ọ̀fun tí ó gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mú oúnjẹ rọ̀, ẹ má ṣe lo omi lásán. Omi tí a fi se ẹja tàbí ẹran ni kí ẹ lò, kí adùn má bàa sọnù.

2. Bí a ti ń mú un dùn. Ata, tòmátì àti ọsàn a máa ta egbò ẹnu. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí egbò yóò fi jinná. Ṣùgbọ́n àìsí ata kì í ṣe àìsí adùn. Irú wà, edé wà, àlùbọ́sà tí a rọra yan nínú epo wà. Ewé ẹfinrin sì wà, tí a lè bọ̀ sínú omi ẹja kí a sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ má ṣe lọ gbogbo oúnjẹ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹja dá wà, kí ẹ̀wà dá wà, kí aláìsàn lè mọ ohun tí ó ń jẹ. Bí oúnjẹ bá ń dàbí irin lẹ́nu rẹ̀, ẹ fún un ní ṣíbí onígi tàbí oníke. Bí òórùn bá ń lé e sá, ẹ bu oúnjẹ náà fún un nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́. Kí ẹ̀yin náà sì tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó dùn nígbà tí ó gbóná lè tẹ́ lẹ́nu bí ó bá tutù.

3. Gbẹ̀gìrì aláìsàn. Ẹ rẹ ife ẹ̀wà 1, kí ẹ bó èèpo rẹ̀ pátápátá. Ẹ fi ife omi 4 sè é títí yóò fi fọ́ fúnra rẹ̀. Bí omi bá ń gbẹ, ẹ fi omi gbígbóná kún un. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ fi ṣíbí epo pupa 2 yan àlùbọ́sà lílọ̀ lórí iná kékeré, kí ẹ fi ṣíbí kékeré irú lílọ̀ 1, edé lílọ̀ àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ da ẹ̀wà lé e, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì tún sẹ́ ẹ. Ẹ fi ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, tí a fi omi ara rẹ̀ lọ̀ kúnná, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

4. Bí a ti ń fi agbára sí i. Ẹ̀kọ mímu rọ̀ lọ́fun, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè mú ẹran ara padà bọ̀ sípò. Ẹ po ṣíbí ìyẹ̀fun wàrà 2 tàbí 3 mọ́ ọn, tàbí kí ẹ da ẹyin tí a lù sínú rẹ̀ nígbà tí ó ń hó, kí ẹ máa rò ó títí ẹyin náà yóò fi jinná dáadáa. Ẹ bu díẹ̀ fún un nígbà 6 lóòjọ́, dípò àwo ńlá 3.

5. Ìkìlọ̀. Oògùn náà lè dín agbára ara láti bá àrùn jà kù. Nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìlọta dáadáa, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí oúnjẹ wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Bí aláìsàn bá ń húkọ́ tàbí tí oúnjẹ ń pá a lórí, bí ó bá ń rù, tàbí bí ó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ kan, ẹ sọ fún dókítà láìpẹ́. Ẹ má sì ṣe po àgbo mọ́ oúnjẹ rẹ̀ láìjẹ́ kí dókítà mọ̀.

Àwọn baba wa wí pé, ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Nínú ọ̀ràn yìí, ìfarabalẹ̀ ni ó ju owó lọ.

Àwọn ìbéèrè fún àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ wọn:
1. Èéṣe tí rírù ara fi lè ba ìtọ́jú jẹ́?
2. Ohun wo ni a lè fi dípò ata nínú ọbẹ̀ aláìsàn?
3. Báwo ni a ó ṣe fi ṣíbí dán oúnjẹ kíkúnná wò?
4. Ta ni ó wà ní àdúgbò yín tí ẹ lè se ìkòkò gbẹ̀gìrì kan fún ní ọ̀sẹ̀ yìí?