Abúlé Pẹ̀lú Jẹ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Ìwé kíkà nìkan kò lè sọ ènìyàn di oníṣègùn. Ní Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, ọdún 1980 kò tíì pé tí àwọn olùkọ́ ìṣègùn fi gbé ètò kan kalẹ̀ tí a ń pè ní COBES. Nípa ètò yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń lọ gbé ní ìletò àti ìlú kéékèèké fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lábẹ́ àbójútó.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Bí a bá gbé ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru dé ilé ìwòsàn, omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí lè gbà á là. Ṣùgbọ́n bí odò tí ìyá rẹ̀ ti ń pọn omi bá dọ̀tí, àìsàn náà yóò padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dé etí odò ni yóò rí ìdí rẹ̀.

Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì di dókítà. Kò gbọdọ̀ dá ìtọ́jú ṣe láìsí alábòójútó, ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí àṣìṣe tó di ikú.

Àwọn ará ìlú ní ipa tiwọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi baálé ilé ní iye ọmọ rẹ̀, kì í ṣe nítorí owó orí. Kí ó sọ òtítọ́. Ó sì tọ́ kí òun náà bèèrè ẹni tí ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹni tí a bá tọ́ dáradára ní abúlé lónìí ni yóò mọ ìtọ́jú ará abúlé lọ́la.